Ìbọn Kúkurú fún Ọ̀nà Tápà

Kò pẹ́ tí mo jáde opó ni àbúrò ọkọ mi gbé ìbọn kan wọ ilé wa ní Igbó-Ọrà. Àpò ìrẹsì ló fi wé e. Ó gbé e lé orí tábìlì tí a ti ń jẹun, ó tú àpò náà, ó jókòó tì í, ó ń wo ojú mi bí ẹni tó ra aṣọ ọdún wálé.

"Ìyàwó, wò ó dáadáa."

Mo wò ó. Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ìbọn kì í ṣe àjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n gígùn ni àwọn ìbọn tí mo mọ̀. Ṣakabùlà bàbá mi, bí wọ́n bá gbé e ti ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Èyí kúrú, ó ki, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Lábẹ́ ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, ọ̀pá mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ń to ọta sí, igi tí ọwọ́ ń dì mú sì wà lára rẹ̀. Bí o bá fa igi yẹn sọ́dọ̀ ara rẹ, tí o tún tì í padà, ọta tuntun ti wọlé nìyẹn.

"Pọ́m̀pù ni wọ́n ń pè é," ó ní. "Sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn ló fẹ́ tà á. Ó ní kí n gbé e fún àwọn ará ilé wò ná. Mo ti bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí ìwé àṣẹ rẹ̀."

"Ó dára, Bọ̀dá," ni mo wí.

Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló fà wọlé, ohun tí ǹ bá sọ náà nìyẹn.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ná ọjà. A máa ń lọ ra gàrí, láfún àti ẹ̀gúsí ní Tápà, ní Ayétẹ̀ àti ní Ìgàngàn, a ó sì kó o lọ fún àwọn oníbàárà wa ní Èrúwà. Òun ló ń wa píkọ́ọ̀pù wa, èmi ni mò ń bá àwọn obìnrin dúnàádúrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 yẹn, àwọn ọlọ́ṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọ̀nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà kan, nígbà tí a ń ti Tápà bọ̀, wọ́n já lù wá, wọ́n sì yìnbọn pa ọkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara mi ti kú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ yàtọ̀ sí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wá, wọ́n ṣàdúrà, mo ṣe àmín. Àwọn ọmọ wá sùn mọ́ mi, mo bò wọ́n láṣọ. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi, mo jẹ ẹ́ nítorí pé ó wà níwájú mi. Omijé ò jáde lójú mi. Àwọn obìnrin tó wá kí mi ń wò mí tìfura-tìfura. Ìyá ọkọ mi, tó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, já mi léèkánná lápá lọ́jọ́ kan.

"Ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí, Màmá."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé ìdáhùn tó ń fẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo jáde opó, ọjà ń dúró dè wá. Àbúrò ọkọ mi ti gba ọkọ̀, ó ti tún gíláàsì rẹ̀ ṣe, ó ti fọ ìjókòó rẹ̀. Ó ní òun á máa wà á, kí èmi sì máa bá òun lọ, nítorí èmi ni mo mọ àwọn tó ń tajà fún wa. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní í gba ọ̀nà Tápà lọ́wọ́ òfo. Bí ọ̀rọ̀ ìbọn ṣe dé nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi ló ní kí a ránṣẹ́ sí bàbá mi. "Ẹni tó fi ìbọn jẹun dàgbà ni kí ẹ bi nípa ìbọn," ó ní. Bàbá mi sì wá láti abà rẹ̀ lápá Ìgàngàn, ó jókòó sẹ́yìn alùpùpù, fìlà rẹ̀ kún fún eruku. Ó gbé ìbọn náà, ó yí i po, ó fi imú gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀. Ó ní kí a pàdé lóko lówùúrọ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, nítorí bàbá mi ní kí n wá. Ó gbé abọ́ tánńganran àtijọ́ kan ka orí ọ̀gán nínú oko ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú tán. Ó wá ń ki ọta sínú ìbọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti abẹ́. Ó ń kì í, ìbọn ń gbé e mì. Nígbà tó yá, ó wo àbúrò ọkọ mi.

"Èyí ò mọ yó."

"Mo sọ fún yín, Bàbá!"

Bàbá mi gbé e lé èjìká, ó yìn ín. Ìró rẹ̀ kì í ṣe ìró ṣakabùlà tó máa ń gbọ̀n lọ sínú igbó. Gbàù kan ṣoṣo ni, ó gbẹ, ó sì wúwo. Àwọn ẹyẹ tú kúrò lórí igi kajú. Abọ́ náà fò sókè, nígbà tí mo sì lọ gbé e, ó ti dà bí ajọ̀. Bàbá mi padà sẹ́yìn títí tó fi jìnnà dáadáa, ó ní kí n gbé abọ́ mìíràn síbẹ̀, ó tún yìn ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ọta díẹ̀ ló kan abọ́. Àwọn yòókù fọ́n ká sára ọ̀gán àti sínú koríko. Ó wo ibi tí wọ́n ti bà káàkiri, ó gbé ìbọn fún àbúrò ọkọ mi.

Òun náà yìn ín. Ó fà á, ó tún yìn ín, inú rẹ̀ ń dùn. Nígbà tó tún fà á, ó kánjú, kò fà á dé ibi tó yẹ kó dé. Ọta há. Ó ń tì í, ó ń fà á, kò lọ, òógùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níwájú orí rẹ̀ nínú ọyẹ́ yẹn. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tú ọta náà jáde wọ́ọ́rọ́, a sì lọ jókòó lábẹ́ igi kajú.

"Àna mi," bàbá mi bẹ̀rẹ̀, "ìbọn yìí dára. Mi ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ó kúrú, ẹ lè yí i padà nínú ọkọ̀, èyí tí ẹ ò lè fi tèmi ṣe láéláé. Bí mo bá yin tèmi, tí mi ò bá ẹran, ẹran ti dé Ṣakí kí n tó ki ẹ̀tù mìíràn. Èyí á máa sọ̀rọ̀ lọ ni. Ìró rẹ̀ nìkan tó láti lé ọmọ èèyàn sá."

"Ohun tí mo rí náà nìyẹn, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù. Kíkúrú rẹ̀ tí a ń yìn ni kì í jẹ́ kí ọta rẹ̀ lọ lójú kan. Bí olè bá dúró láàárín àwọn èrò ọjà, kò ní í ṣa olè sọ́tọ̀. Bí ẹ bá yìn ín nínú ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn wà ní títì, etí ẹ̀yin àti ẹni tó jókòó tì yín lè má gbọ́ràn mọ́. Ó sì fẹ́ ọwọ́ tó balẹ̀. Ẹ rí i bó ṣe há nísinsìn-ín. Abọ́ lẹ kọjú sí o, abọ́ tí kò mú nǹkan kan dání."

"Ọwọ́ mi á mọ́ ọn."

"Ọwọ́ á mọ́ ọn. Ṣé ojú á mọ́ ọn?"

Àbúrò ọkọ mi ń fi igi kọ nǹkan sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Bàbá mi yíjú sí mi. "Ìwọ lo wà níbẹ̀, ọmọ mi. A ò tíì bi ẹ́ rí. Bí ó bá wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọkọ rẹ lọ́jọ́ yẹn, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún wọn. Bí ẹni ń ka iye àpò gàrí ni mo ṣe sọ ọ́, ohùn mi ò gbọ̀n.

Mo ní òkè kan là ń gùn, ẹrù pọ̀, ọkọ̀ rọra ń lọ. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta jáde látinú igbó. Kí a tó mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n, ọ̀kan ti wà lẹ́nu fèrèsé ọkọ mi, ìbọn ti wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní ká gbọ́wọ́ sókè. Ọkọ mi dá ọkọ̀ dúró, ó gbọ́wọ́ sókè, èmi náà gbé tèmi. Ó ń sọ fún wọn pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kó o, ẹ máa kó o lọ." Ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn lórí òkè yẹn. Ọkọ mi sọ ọwọ́ kan kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa bíréèkì ọwọ́. Èyí tó wà lẹ́nu fèrèsé rò pé ó fẹ́ mú nǹkan ni. Ó yìnbọn.

"Ọmọ yẹn gan-an pariwo," mo ní. "Ó ní, 'Kí lo fẹ́ mú? Kí lo fẹ́ mú?' Wọ́n sá lọ. Wọn ò mú nǹkan kan."

Àbúrò ọkọ mi gbé orí lé orúnkún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èyí rí lẹ́nu mi títí di òwúrọ̀ yẹn. Wọ́n ti ń sọ fún ara wọn láàárín ìlú pé ọkọ mi bá àwọn ọlọ́ṣà náà jà ni.

"Bó bá jẹ́ pé ó ní ìbọn," ni mo fi kún un, "ó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un ni."

Àbúrò ọkọ mi gbé ojú sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyàwó, wọ́n pa á bẹ́ẹ̀ náà. Ó gbọ́wọ́ sókè, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n pa á. Èwo ni kí n wá ṣe? Kí n lọ máa gbọ́wọ́ sókè láti ilé?"

Òótọ́ ló sọ.

"Ẹ rà á, Bọ̀dá, bó bá tẹ́ yín lọ́rùn," mo ní. "Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bá wà nínú rẹ̀, mi ò ní í wọ̀ ọ́."

Ó rà á. Ó gba ìwé àṣẹ, ó fi aṣọ bò ó, ó sì ń gbé e sáàárín ìjókòó méjèèjì. Èmi wọ lọ́rì pẹ̀lú àwọn obìnrin ọlọ́jà, mo ń bá a pàdé ní Tápà, mò ń ra ọjà sínú ọkọ̀ rẹ̀, mo sì ń wọ lọ́rì padà.

Kí n má rẹ́ ìbọn náà jẹ. Láàárín gbogbo ìgbà tó fi gbé e rìn, ẹnikẹ́ni ò dá a lọ́nà. Àwọn awakọ̀ yòókù a máa dúró dè é lẹ́yìn ọjà, wọ́n á tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ adìyẹ. Ṣé ìbọn náà ni àwọn ọlọ́ṣà ń bẹ̀rù ni, àbí wọ́n ti kọjá síbòmíràn? Mi ò lè sọ.

Ohun tí mo rí ni òun fúnra rẹ̀. Ó rù. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lọ́jà, bí ẹnì kan bá ki ọwọ́ sínú àpò agbádá láti mú aṣọ ìnujú rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ ẹni náà. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo sì ń ka àpò gàrí mi lọ.

Nígbà kan tí epo bẹntiróòlù wọ́n, ó wá sílé wa ní ìrọ̀lẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ààrò tí mo ti ń yan gàrí.

"Ìyàwó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn lónìí."

Mo dá ọwọ́ dúró.

Ó ní ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ igbó sójú títì, ó ń na nǹkan dúdú kan sókè. Ó ní òun tẹ bíréèkì, òun gbé ìbọn, òun ti fà á, òun ti tì í padà, kò há rárá. Ìka nìkan ló kù. Ọkùnrin náà sì kígbe orúkọ òun. Ọmọ àdúgbò wa ni, ẹni tí wọ́n jọ kéwú. Epo alùpùpù rẹ̀ ló tán. Jẹ́ríkáànù ló nà sókè.

"Ó gbọ́wọ́ sókè, ìyàwó. Jẹ́ríkáànù jábọ́, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ń wò mí. Ó ń bẹ̀ mí."

Ó bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ẹ̀wù rẹ̀ tutù fún òógùn, ara rẹ̀ sì gbóná lábẹ́ rẹ̀. Mo bu omi fún un, ó mu ún tán, ó ní kí n tún bù sí i.

Ó kó ìbọn náà àti ìwé rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Àwọn awakọ̀ bínú sí i, wọ́n ní ó tú ọ̀nà sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, kò mọ èyí tí ì bá mú nínú méjèèjì.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ láti Tápà, ẹ̀gúsí kún ẹ̀yìn ọkọ̀ fọ́fọ́. À ń sọ̀rọ̀ nípa òjò tí kò tíì rọ̀. A dé òkè náà, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra gùn ún, àyà mi sì là gààrà. Mo di ilẹ̀kùn mú. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí nǹkan kan ti bà mí lẹ́rù kẹ́yìn.

Ó rí mi. "Ṣé kí n dúró ni?"

"Ẹ má dúró, Bọ̀dá," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."