Ìṣẹ́tí Aṣọ Fadá

"Fadá, ẹ nàró dáadáa! Ṣé ẹ jí ẹran jẹ nínú ìkòkò ni, tí ẹ fi ń tẹríba báyẹn?"

Orí ìkúnlẹ̀ ni ìyá ìyá mi wà nígbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ekurede-Urhobo, nílùú Warri, abẹ́rẹ́ mẹ́ta gún orí gèlè rẹ̀. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa ará Ìlàjẹ ti ń pe ìyá. Fadá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ìjọ wa ló dúró níwájú rẹ̀, nínú aṣọ funfun kan tó yẹ kó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò kọjá agbede-méjì ojúgun rẹ̀. Ọkùnrin náà ga, kò ṣeé fẹnu sọ. Kò sì gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Ó wo ojú mi.

"Father, Mama say make you stand well," ni mo bá a túmọ̀.

Ó nàró lóòótọ́, orí rẹ̀ sì lọ bá páànù, gbàà! Yèyé ń rẹ́rìn-ín, ó ń kígbe "ẹ pẹ̀lẹ́ o, Fadá mi," síbẹ̀ kò fi aṣọ náà sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo ti mọ̀ pé bí wọ́n bá gbé fadá tuntun dé, kó tó fìdí múlẹ̀ ní ilé fadá, ó ní láti wá dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí Yèyé wọ̀n ọ́n.

Fadá àkọ́kọ́, òyìnbó, ló gbé aṣọ yẹn wá láti ìlú rẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ gidi ni, ó wúwo, ó tutù lọ́wọ́. Ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ní Kérésìmesì àti Àjíǹde, lábẹ́ aṣọ Máàsì aláwọ̀ wúrà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn a jogún rẹ̀. Bó bá kúrú, Yèyé a ká ìṣẹ́tí rẹ̀ sókè. Bó bá ga, a tú u sílẹ̀. Fadá kì í pẹ́ títí níbì kan. Ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ ìṣe rẹ̀ ni, ẹ óò gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù ti gbé e lọ síbòmíràn. Aṣọ kò lọ ní tirẹ̀, Yèyé náà kò sì lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọjọ́ àyọ́ọ̀nù. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn èédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, ẹlòmíràn á máa ronú súyà, aṣọ àwọn fadá ló ń wá sí èmi lọ́kàn. Abọ́ sítáàṣì tí Yèyé fi ń ṣe oúnjẹ fún wa, tí a fi ń jẹ ọbẹ̀ ẹyìn bí gbogbo ọmọ Warri, inú rẹ̀ náà ló ti ń bu èyí tó fi ń mú aṣọ le. Á fẹ́ eérú kúrò lára àyọ́ọ̀nù, fùù, á wọ́n omi sí aṣọ, á sì gbé àyọ́ọ̀nù gorí rẹ̀, ṣìì. Kó tó ká aṣọ ọdún yẹn, á ti ìka bọ inú ìṣẹ́tí, á máa fi tọ̀ ọ́ yí po, ẹnu rẹ̀ á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́. Mo rò pé ó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ ni. N kò béèrè.

Ojú Yèyé ti ń ṣú lásìkò tí mò ń sọ yìí. Kò jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ èmi ni mò ń bá a fi òwú sójú abẹ́rẹ́. Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ kan. Bí Fadá gíga ti lọ tán, ó gbé aṣọ náà lé mi lọ́wọ́, ó fún mi ní réésà.

"Tú ìṣẹ́tí yìí fún mi. Rọra o, má gé aṣọ." Ó gbé agbọ̀n, ó gba ọjà lọ.

Inú mi dùn, àgbà ti dé! Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo tú u tán. Nígbà tí ìṣẹ́tí ṣí sílẹ̀, mo rí àwọn òwú kéékèèké nínú ibi tó ká sí, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, yẹ́lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka mi, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Wọn kò di nǹkan kan mú. Mo ní, èwo tún ni gbogbo pálapàla yìí? Mo fi réésà yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbá wọn jọ, mo dà wọ́n sínú iná tí a fi ń se ẹ̀wà. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Mo sáré pàdé Yèyé. "Yèyé, I don loose am finish! E clean well well!"

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó ti ìka bọ apá kan ìṣẹ́tí. Ìka rẹ̀ lọ, ó padà, ó tún lọ.

"Òwú inú rẹ̀ dà?"

"I burn am. E no hold anything."

Yèyé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku níbẹ̀. N kò rí ẹkún rẹ̀ rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Kò nà mí, kò bú mi. Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn fún mi.

"Àwọn fadá mi nìyẹn," ló wí. "Fadá kan, òwú kan. Bí ọwọ́ mi bá ti kàn án, mo mọ ẹni tó jẹ́, mo máa ń dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run."

Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí omi gbé bàbá ìyá mi, ọkọ rẹ̀, lọ lẹ́nu iṣẹ́ ẹja, pẹ̀lú ìyá mi lẹ́yìn rẹ̀ ló lọ kan ilẹ̀kùn ilé fadá, fadá òyìnbó yẹn ló fún un ní iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Lọ́jọ́ tí òyìnbó ń padà sílé pẹ̀lú ewú lórí, ó dì í lọ́wọ́ mú ní èbúté. "Mama, I no get pikin," ló sọ fún un. "Who go remember me?" Yèyé ní òun ni. Kò mọ ìwé kà, ló bá fi òwú kọ ọ́.

"Fadá kì í bímọ," ló wí fún mi. "Bí wọ́n bá lọ tán, ta ló kù? Mo ti ṣèlérí fún ọ̀kan, n kò lè yọ àwọn yòókù sílẹ̀. Orí mi sì ti ń gbàgbé, ọmọ mi. Ọwọ́ mi nìkan ló ṣì ń rántí."

Mo bú sẹ́kún. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu imú mi. "Ẹ̀bi mi ni, n kò kìlọ̀ fún ọ. Lọ gbé agolo òwú wá. Ìwọ lo tú u, ìwọ lo máa rán an. Bí o bá sì ń rán an, Yorùbá lo máa fi dárúkọ wọn. Wọ́n ti gbọ́ Pidgin tó nígbà ayé wọn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ àwọn fadá ìjọ wa, èmi tí mo gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí ahọ́n mi ń tijú rẹ̀. Búlúù ni òyìnbó. Pupa ni oníbìínú tó máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹni tó bá pẹ́. Ìyá tó bí i lọ́mọ wá kí i láti abúlé, ó pẹ́, inú oòrùn ló ti gbọ́ Máàsì! Àwọ̀ ewé ni ẹni tó gbin ìbẹ́pẹ yí ọgbà ká. Yẹ́lò ni olórin. "Ohùn ewúrẹ́," ni Yèyé wí, "kí Ọlọ́run foríjì mí, àmọ́ ó ń kọ ọ́ tọkàntọkàn." Dúdú ni ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́, tí Yèyé fọ aṣọ rẹ̀ kẹ́yìn. Àwọ̀ ilẹ̀ ni Fadá ọlọ́kadà, tó ń gbé ara Olúwa lọ fún àwọn aláìsàn títí dé Aladja, tó ń padà pẹ̀lú eruku lójú. Òun náà, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń gbọ́ láti kékeré, ló ṣí ilé fadá sílẹ̀ fún wa nígbà tí ìlú dàrú tí àdúgbò ń bá àdúgbò jà. Inú pálọ̀ rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Mo kà wọ́n. "Mẹ́fà ni, Yèyé."

"Méje ni wọ́n."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òyìnbó, ó tún já sí mẹ́fà. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé oúnjẹ tì. "Mo ti sọ ẹnì kan nù," ló ń wí ṣáá. Mo ní ká lọ bi Fadá gíga, wọ́n ní ìwé lọ́dọ̀ wọn. Ó mi orí. "Ìwé á fún mi ní orúkọ. Ṣé orúkọ ni mò ń wá? Ènìyàn ni mò ń wá." Ọkàn mi gbọgbẹ́. Èmi ni mo fi réésà pa fadá kan tí n kò mọ̀ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta dé. A ti tú ìṣẹ́tí sílẹ̀ fún Fadá gíga, mo ti rán òwú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, wọ́n wọ́ gánnagànna. Yèyé lọ aṣọ náà tán, ó ti ìka bọ inú ìṣẹ́tí bó ti máa ń ṣe. Ìka rẹ̀ dúró.

"Kí ló wà níbí?"

Mo wò ó. "Nothing dey there."

"Gbé ojú kúrò. Fọwọ́ kàn án."

Mo fọwọ́ kàn án. Òwú ni! Òwú funfun lórí aṣọ funfun, ó gùn tó ìka, ó gún régé. Réésà mi ti kọjá lórí rẹ̀, ojú mi kò rí i.

Yèyé pàtẹ́wọ́, igbe ta lẹ́nu rẹ̀. "Yéè! Fadá jẹ́jẹ́! Ẹ gbà mí o, Fadá jẹ́jẹ́ mi!"

Fadá tó dé lẹ́yìn ọlọ́kadà ni, kí olórin àti ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ tó dé, ó sì ti lọ kí èmi tó mọ ojú ènìyàn. Gíga kan náà ni àwọn méjèèjì, kò sí ohun tí Yèyé máa tú, kò sí ohun tó máa ká. Nígbà tí Yèyé ní òun á wá òwú aláwọ̀, láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, fadá náà ní kó má ṣe ìyọnu. Èyí tó wà lójú abẹ́rẹ́ nígbà náà ló fi rán an.

"Òun ni!" Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun ló ṣílẹ̀kùn fún wa nígbà ìjà, kì í ṣe ọlọ́kadà! Àga ló gbé sí ẹnu géètì, ó jókòó tòun ti rósárì. Bí àwọn ọmọ tó gbé àdá bá dé, á ní, 'Good evening, my children.' Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì yà. Ìwọ ń ké nínú pálọ̀ rẹ̀, ọmọ ọwọ́. Wò ó bí mo ti gba ìyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí pé kò pariwo!"

Ó mú mi kúnlẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò jẹ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, Fadá gíga wọ aṣọ náà sí Máàsì Àjíǹde, ó balẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, òwú àwọ̀ àlùkò tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo rán an, mo sì fi hàn án.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń rán gbogbo wọn, títí ojú Yèyé fi kú pátápátá, títí òun náà fi lọ. Aṣọ ti gbó, ìjọ ti ra òmíràn, wọ́n sì fún mi ní ti àtijọ́. Wọ́n ti gbé fọ́tò àwọn fadá kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, pẹ̀lú orúkọ wọn, ó dára, ó bójú mu. Àdúrà tèmi ṣì wà nínú ìṣẹ́tí. Mo ti kọ́ níbẹ̀ pé kí n máa wá ẹni tó ṣe mí lóore láìpariwo, nítorí irú wọn ni a máa ń tètè gbàgbé.

Lọ́dún yìí, Fadá gíga wá kí ìjọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, orí rẹ̀ kò kan páànù mọ́.

"My own still dey?" ló bi mí.

Mo ṣí ìṣẹ́tí, mo fi ọwọ́ rẹ̀ lé òwú àwọ̀ àlùkò. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "And Mama? Which one be Mama own?"

Mo gbé ìka rẹ̀ lọ sórí òwú Fadá jẹ́jẹ́. Gbogbo èyí tó kù, ọwọ́ mi ló rán wọn. Funfun yẹn nìkan ni Yèyé fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán tí kò bá iná lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ojú mi kò rí i lọ́jọ́ náà.