Omi Àná Tí Mo Dà Nù

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi: ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí odò wa gbẹ ní Ìjerò, ní bí ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira.

Ọ̀bùn ni wọ́n ń pe ìyàwó tó bá fi omi àná sílẹ̀ nínú àmù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ibà dá Àṣàkẹ́, àkọ́bí mi, dùbúlẹ̀. Mo da ìlàjì àmù omi sí ẹ̀yìnkùlé kí n tó lọ pọn tuntun.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, ẹ̀ẹ̀rùn mà nìyí."

Mo rẹ́rìn-ín. "Yèyé, ṣé odò fẹ́ rìnrìn àjò ni?"

Ẹrẹ̀ ni mo bá lódò. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí omi igbá kan bù. Láti ìta ni mo ti gbọ́ ọmọ mi: "Yèyé, omi." Nígbà tí mo fi máa gbé igbá sí i lẹ́nu, kò lè gbé e mì mọ́.

Wọ́n ní ibà ló pa á. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti dà sílẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bi ọ́ pé: omi tó kù nínú ife rẹ, ibo lo dà á sí?