Oògùn Tí Wọ́n Dà Nù

Agogo mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, lọ́jọ́ Àìkú kan ní ọdún 2012. Èmi, ọmọ mi Bísí, àti Ìyá Ìdòwú aládùúgbò wa ní Oregbeni nílùú Benin la jọ wà ní pálọ̀. Bísí ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ló bá sùn lọ láìparí rẹ̀, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ìdòwú rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mà ti rẹ ọmọ yìí o." Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀. Dúdú inú ẹyinjú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́.

Ìjókòó ọkọ̀ ni mo ń rán nítòsí Airport Road. Mo ti dàgbà kí n tó kàwé, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyàwó mi ti kú. Mo kọ èyí nítorí òbí tí irú rẹ̀ lè dé bá, tí gbogbo ayé yóò sì máa gbà nímọ̀ràn.

Láti orí ikọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Bísí ń kàwé ní Ekiadolor. Ó ra oògùn ikọ́ olómi tó ní kodíìnì nínú. Ikọ́ lọ, oògùn ò lọ. Kodíìnì máa ń pa ìrora, ó ń mú oorun wá, kì í sì í jẹ́ kí èèyàn rí ìgbẹ́ yà. Bó bá pẹ́ lára, ara á gbà pé òun ò lè dá dúró láìsí i. Ohun tí dókítà tí mo mú un lọ bá pè ní bárakú nìyẹn, ó sì ní àìsàn ni.

Kí a tó rí dókítà náà ní ilé ìwòsàn, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó pariwo pé, "Ta ló ni eléyìí tó ń mu kodíìnì?" Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Bísí wo ilẹ̀. Èmi ni mo dáhùn.

Dókítà ní, "Bàbá, a ò ní já oògùn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa tọ́jú ìgò tí a ó fún yín, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń mu ún."

Mo ní, "Èmi ni n ó máa fún un ní ohun tó ń pa á?"

"Ohun tó máa wò ó sàn ni, Bàbá. Òṣùwọ̀n ló yàtọ̀."

Láràárọ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n sínú ife kékeré kan. Bísí á mu ún, á la ẹnu kí n rí i. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Benin ló dàgbà sí. "Daddy, I don swallow am," ni yóò wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá wa tí mo fẹ́ràn. Bí ọmọ tí kò ní ìyá bá ń ṣàìsàn, àwọn ìyá ẹgbẹ́ á wá ṣe bí ìyá rẹ̀ ì bá ti ṣe: wọ́n á fọṣọ, wọ́n á dáná, wọ́n á tún ilé ṣe. Wọ́n wá lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí mo wà níbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn agolo ìrẹsì ni mo fi ìgò náà pa mọ́ sí. Bísí ò mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí obìnrin tó ń tún ilé ìdáná ṣe kì í dé. Ìyá Ìdòwú ló rí i. Ó dà á sí gọ́tà, wọ́n sì gbàdúrà lé ìgò òfìfo lórí.

"Bàbá Bísí," ni wọ́n kí mi nígbà tí mo wọlé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, "a ti bá yín lé ọ̀tá jáde!"

Ibi tí wọ́n ti ń fúnni ní oògùn náà ní ilé ìwòsàn ti tì, wọn ò ní ṣí i títí di ọjọ́ Ajé. Ní Sátidé, Bísí ń yán léraléra, omi ń dà lójú àti nímú rẹ̀. Ara rẹ̀ yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bíi ti adìẹ tí a tu níyẹ̀ẹ́. Ó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Dókítà ti sọ fún mi pé ìyà yìí kì í sábà pa èèyàn. Ohun tó ń pa èèyàn ni kó sáré lọ rà á nígboro, kó mu bó ṣe ń mu ún tẹ́lẹ̀ nígbà tí ara ò tún lè gbé e mọ́, kó sì sùn láìmí mọ́. Mo gbé àga dí ẹnu ọ̀nà, mo jókòó lé e.

"Daddy, abeg, make I go buy small. Small, Daddy."

Mo tún fi ẹ̀yìn àga ti ilẹ̀kùn. N kò sì dìde títí ọjọ́ Ajé fi dé, àfi láti bu omi fún un. Lọ́jọ́ náà ni ilé ìwòsàn fún wa ní ìgò mìíràn.

Nígbà tí ìpàdé ẹgbẹ́ dé, mo ṣàlàyé. Alága wa ní, "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń bu oògùn olóró fún ọmọ yín? Ṣé ọtí la fi ń wo ọ̀mùtí ni?" Ẹnìkan ní òun gbọ́ pé lókè òkun, ilé wà tí nọ́ọ̀sì ti ń jókòó ti àwọn tó ń lo oògùn olóró, kí wọ́n má baà kú síbẹ̀. Ṣe ni ilé dà rú fún ẹ̀rín. "Kí wọ́n kúkú máa bá wọn fọ ife!" "Kí wọ́n bá wọn tẹ́ ẹní sí i!" Mo bi wọ́n pé mélòó nínú wọn ni kì í mu oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀. Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀. Mo ní báwo ló ṣe yàtọ̀. Wọ́n tún ní ó ṣáà yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo jókòó. Ìyá Ìdòwú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Bísí ti sàn báyìí. Ó pẹ́, ó sì ní ọjọ́ tí kò rọrùn títí di òní. Bí mo bá ń tú awọ ìjókòó àtijọ́, bí mo bá fà á tagbára-tagbára, á bá fóòmù já. Òwú rẹ̀ ni a ń tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ara èèyàn rí. Mo dúpẹ́ pé tirẹ̀ kò já.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn, mo gbé àga Bísí kúrò nínú ilé. Mo gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, níbi tí gbogbo àdúgbò ń gbà kọjá. Mo wọn oògùn náà lójú gbogbo wọn. Ìyá Ìdòwú jáde, ó dúró díẹ̀, ó wá jókòó tì wá.

"Ṣé ó korò?" ló bi Bísí.

"Mama, e sweet. Na him be the wahala."

Ìyá Ìdòwú wo gọ́tà, ó wo èmi náà. Mo gbé ife náà lé e lọ́wọ́. Òun ló fún un mu.