Ohùn Ìyá Mi Nídìí Agbada Gàrí

Lásìkò ọyẹ́ ní Èrúwà, ìkùukùu àárọ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àpáta títí yóò fi dé àtíbàbà tí ìyá mi ti ń yan gàrí. Èéfín igi á gòkè lọ pàdé rẹ̀, èèyàn ò sì ní mọ èyí tó ti ilẹ̀ wá àti èyí tó ti òkè wá mọ́. Nínú funfun yẹn ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá mi láti kékeré. Wọn kì í kúnlẹ̀, wọn kì í dijú. Bí wọ́n ṣe ń fi àfọ́kù igbá da gàrí nínú agbada ni wọ́n ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀: pé ẹ̀gẹ́ tòní lómi jù, pé ewúrẹ́ ẹnìkan tún ti jẹ ilá wọn, pé kí Ó ṣàánú ọmọ wọn tó parí ìsìnrúlùú tí kò tíì ríṣẹ́. Èmi ni ọmọ náà.

Lẹ́yìn Kérésì ni ohùn wọn há títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ pátápátá. Dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ rárá títí òun yóò tún fi rí wọn, kódà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n da gàrí díẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n nàka sókè, wọ́n fọwọ́ kan etí, wọ́n wá ju ọwọ́ pé rárá.

"Màámi, Ọlọ́run ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn yín," ni mo wí.

Wọ́n mi orí pé àwọn mọ̀. Ṣùgbọ́n omi kún ojú wọn, kì í sì í ṣe ti èéfín. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ mi lè jẹ́ òótọ́ kó má sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ohùn ni wọ́n fi ń lọ bá A látọjọ́ yìí. Wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Wọ́n tọ́ka sí ẹnu mi.

N kì í gbàdúrà síta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ní ká kéde pé a ti rí ìdáhùn gbà, ẹnu mi kì í là, nítorí n kò lè sọ pé mo ti gba ohun tí n kò tíì rí. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà," ni mo bẹ̀rẹ̀.

Àlàájà, aládùúgbò wa tó ń yan gàrí tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bú sẹ́rìn-ín. "Sà kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ lò ń wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, Àlàájà." Mo tún ohùn ṣe. "Ìyá mi wà níbí. Dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ọ̀fun ń dùn wọ́n. Igi tí a rà tutù, kò jó dáadáa."

"Àdúrà rè é àbí ìròyìn? Ó kù kó o sọ bójú ọjọ́ ṣe rí."

"Ọyẹ́ mú, Bàbá," ni mo wí.

Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín láìlóhùn, èjìká wọn ń gbọ̀n. Wọ́n wá ń fi àfọ́kù igbá tọ́ka, èmi ń sọ: sí agbada, sí ọ̀nà tí àbúrò mi gbà lọ sílé ìwé ní Lánlátẹ̀, sí Àlàájà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Àlàájà ṣe "Àmín" kíá. Lẹ́yìn náà, ìyá mi tọ́ka sí mi.

Mo ti igi wọ abẹ́ agbada. Wọ́n tún tọ́ka.

"Èmi náà wà níbí," ni mo wí nígbẹ̀yìn. "N kò mọ̀ bóyá Ẹ ń gbọ́ mi. Ó wù mí kí Ẹ máa gbọ́."

Àlàájà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá mi wò mí pẹ́, wọ́n wá ń da gàrí lọ. Ìró igbá lára agbada ń lọ, ó ń bọ̀, jẹ́jẹ́, nínú ìkùukùu. N kò ní ẹ̀rí kankan, ṣùgbọ́n ó ṣe mí bíi pé ẹnìkan jókòó tì wá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe láràárọ̀, títí dókítà fi ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e nígbà tí ìyá mi la ẹnu. Mo dákẹ́ kí wọ́n lè gba ipò wọn.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀." Ohùn wọn há, ó sì tín-ín-rín. "Ọmọ mi ló ń bá Yín sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀."

Wọ́n yíjú sí agbada. Mo rántí ibi tí mo dé, mo sì ń bá a lọ.