Páálí Kéèkì Orí Fíríìjì

Ẹ jẹ́ kí á dìde fún páálí kéèkì. Mi ò sọ̀rọ̀ páálí yẹpẹrẹ tí wọ́n fi ń di bíṣíkíìtì o. Páálí funfun ilé ìtajà ńlá tó wà ní Jabi ni mò ń wí, èyí tó ní lẹ́tà aláwọ̀ góòlù, tó ní ríbọ́ọ̀nù, tó sì ní fèrèsé ọ̀rá kékeré lórí kí aráyé lè máa wo ohun tí wọn kò ní jẹ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ìlú Abuja, ṣùgbọ́n páálí ló gbé e ró. Kéèkì inú rẹ̀ lè tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Páálí kì í tán. A ó fi aṣọ tútù nù ún, a ó gbé e sórí fíríìjì, a ó sì máa retí ọjọ́ tí ohun tí a fọwọ́ ara wa sè ní Jikwoyi yóò nílò ìdílé tó lọ́lá ju èyí tí a bí i sí lọ.

Obìnrin tí ilé rẹ̀ fara ti tèmi ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ṣinṣín tó bá dín láàárọ̀ ni yóò kó sínú páálí Jabi, tí yóò sì gbé e lọ sílé àwọn àna rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní bó bá kú, inú páálí yẹn ni kí wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìlú wa ní Kogi wá sọ́dọ̀ mi nítorí ojú rẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú.

"Ṣé ṣinṣín náà dùn?"

"Ó dùn, Màmá."

"Kí ló wá ń fi í pamọ́ sí?"

Lásìkò yẹn ni ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti ìdálẹ́kọ̀ọ́ dé láti ilẹ̀ Faransé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, búrẹ́dì wa kò tẹ́ ẹ lọ́rùn mọ́. Ó ń sọ ṣáá nípa kéèkì kan tí wọ́n ń pè ní sáfárẹ̀n. Ìwúkàrà ló ń gbé e wú bíi búrẹ́dì. Wọ́n á yan án ní róbótó pẹ̀lú ihò láàárín, wọ́n á wá máa bu omi ṣúgà olọ́tí sí i lórí títí yóò fi mu ún yó. Nígbà tó pè wá síbi ìdúpẹ́ ilé tuntun rẹ̀ ní Jabi, tó ní kí kálukú gbé nǹkan dání, ẹnu mi ní èmi yóò gbé sáfárẹ̀n wá. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Èmi kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi ni yóò tì bí n kò bá gbé e lọ.

Mo ra ìwúkàrà ní ọjà Jikwoyi, ó ku ọjọ́ kan kí á lọ. Mo pò ó mọ́ fúláwà, mo sì jókòó tì í.

Ìyá mi wà lórí àga rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Kí lò ń wò?"

"Mò ń dúró kó wú ni, Màmá."

"Láti àárọ̀?"

"Ìwé ní wákàtí kan."

"Ṣé ìwé náà ti dé Jikwoyi rí?" Ó fi ìka kan àpòpọ̀ náà, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ìwúkàrà yìí ti kú. Oòrùn ọjà ti pa á. Òkú lo jókòó tì."

Ó ní kí n lọ ra ẹmu wá ní Orozo lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyá ìjọ ni ìyá mi. Ọtí kì í wọ ibi tó bá wà.

"Màmá, ẹmu? Nínú ilé yìí?"

"Ta ló fẹ́ mu ún? Fúláwà ló fẹ́ mu ún."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó ní ààrò alámọ̀ kan lẹ́yìnkùlé wa, ó sì máa ń yan búrẹ́dì fún àwọn ọmọ iléèwé. Kò sí ìwúkàrà inú ọ̀rá ní ìlú wa nígbà náà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ló ń gbé búrẹ́dì rẹ̀ wú. Òórùn rẹ̀ ni mo máa ń gbé lára lọ sí kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì máa pè mí ní ọmọ ẹlẹ́mu. Mo lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì kí n tó gbàgbé òórùn yẹn dáadáa.

Nígbà tí mo rà á dé, ó da omi orí ẹmu náà nù, ó fi aṣọ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ó pò ó mọ́ fúláwà àti ṣúgà díẹ̀, ó bò ó, ó gbé e síbi tí oòrùn ojú fèrèsé kàn ń bà lé. Kò pẹ́ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wótowòto, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. A fi ẹyin àti bọ́tà sí i, ó ní kí n máa fọwọ́ lù ú títí yóò fi dẹ́kun lílẹ̀ mọ́ abọ́. A kò ní agolo oníhò, nítorí náà ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sí àárín ìkòkò róbótó, a sì to àpòpọ̀ náà yí i ká kí ó tún wú lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí a yan án jinná tán, òórùn ẹ̀yìnkùlé wa kún ilé. Mo dúró láàárín kíṣìnnì Jikwoyi bí ọmọ ọdún méje tó ti pẹ́ dé iléèwé.

Kò gbà kí n fi ọtí sínú omi ṣúgà. Èèpo ọsàn àti ata ilẹ̀ ló sè mọ́ ọn. "Máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Má dà á bí ẹni tó ń paná."

Ó gbé kéèkì náà sínú abọ́ onídèérí rẹ̀, èyí tí wọ́n kun òdòdó sí lára, ó fi aṣọ funfun dì í. "Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló ṣe é. Sì sọ pé ẹmu Orozo ló gbé e wú."

"Mo gbọ́, Màmá."

Nígbà tí mo dé ẹ̀bá adágún Jabi, mo dúró. Páálí funfun onílẹ́tà góòlù kan wà nínú búùtù ọkọ̀ mi. N kò lè sọ bó ṣe débẹ̀. Mo gbé kéèkì náà sínú rẹ̀, mo so ríbọ́ọ̀nù, mo nu abọ́ ìyá mi mọ́, mo sì ti búùtù pa mọ́ ọn.

Ọ̀gá mi jẹ ẹ́, ó dijú. "Ilé ìtajà yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Bó ṣe rí ní ilẹ̀ Faransé gan-an nìyí. Kí ni wọ́n fi sí i tó ń ta sánsán báyìí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè mi.

Ará Èkìtì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé tirẹ̀ símú. "Ó ń rùn bí ẹmu sí mi o."

"Ẹ̀yin ará Èkìtì," ni ọ̀gá wí, "ibo lẹ kì í ti í gbóòórùn ẹmu?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rín in.

Ìyá mi ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba abọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ pa inú rẹ̀ nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa.

"Wọ́n tún bá mi fọ̀ ọ́."

"Wọ́n fọ̀ ọ́, Màmá."

"Ọmọlúàbí ni wọ́n. Ṣé o sọ fún wọn?"

"Mo sọ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wí sí ti ẹmu?"

"Ó yà wọ́n lẹ́nu."

Nígbà tó padà sílé, ó sọ fún gbogbo àwọn ìyá ìjọ pé àwọn èèyàn ńlá Abuja jẹ kéèkì òun, wọ́n sì fọ abọ́ òun. Bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí ó fi re ibi àgbà ń rè.

Mo ṣì máa ń ra ẹmu ní Orozo, mo sì ń yan kéèkì náà nígbà tí ilé bá dákẹ́ jù. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ ilé mi gbé ṣinṣín wá fún mi nínú páálí Jabi lọ́sẹ̀ tó kọjá. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ni mo gbé páálí sínú búùtù láàárọ̀ ọjọ́ ìdúpẹ́ ọ̀gá mi, kí kéèkì tó jinná. Èmi náà ṣe é.