Abọ́ Tí Ata Pọ̀ Jù Nínú Rẹ̀

Nígbà Lẹ́ńtì láyé ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ìjọ wa l'Áyétòrò, àwọn ìyá a máa gbààwẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Kálukú á gbé abọ́ oúnjẹ olómorí wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá ti ka oore-ọ̀fẹ́ tán, o ò ní gbé tìẹ. Ti ẹlòmíràn lo máa gbé, o ò sì gbọdọ̀ ṣí i wò kó o tó gbé e. Ẹni tó gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin wá lè pàdé gàrí. Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó gba Jésù gbọ́ lóòótọ́. Nísinsìnyí, kálukú ń gbé kúlà tirẹ̀ wá, inú mọ́tò ló sì ti ń jẹ ẹ́.

Abọ́ kan wà tí gbogbo ìjọ mọ̀ láìṣí i: ti obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi lọ́jà. Ata rẹ̀ kì í ṣe ata, ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ti jẹ ata dé Ìwòyè-Kétu, n ò tí ì rí irú rẹ̀. Ìyá mi nìkan ló máa ń gbé e, kí Ẹ̀gbọ́n má baà gbé oúnjẹ padà sílé. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè é, bí wọn ò tilẹ̀ bára tan. Ilé rẹ̀ ni mo máa ń sùn bí ìyá mi bá lọ ra láfún ní Ìmàṣàyí. Ẹní mi wà níbẹ̀.

Ewúrẹ́ obìnrin náà ló bà á jẹ́. Ó wọ inú láfún tí ìyá mi sá sétí títì, ó jẹ, ó sì yàgbẹ́ sí ìyókù. Ìyá mi bú ewúrẹ́, ó bú ẹni tó ni ín. Ẹnu ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni mo ti jogún tèmi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí di tẹlifóònù.

"Sọ fún ẹni yẹn kó gbé àga rẹ̀ kúrò lọ́nà mi."

"Sọ fún màmá rẹ pé bàbá rẹ̀ kọ́ ló la ọ̀nà náà."

Orúnkún wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Mò ń jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà nílé tí wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dé mọ́.

Lẹ́ńtì dé. Abọ́ obìnrin náà ṣẹ́kù sórí tábìlì, ó gbé e lọ bó ṣe gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tó tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, mo rí i tó ń fi etí ìró nu omorí tí kò dọ̀tí. Ìyá mi náà rí i. Ó ti nawọ́ sí abọ́ kan tó ń ta sánsán ẹja. Ó fa ọwọ́ padà, ó pòṣé, ó lọ gbé abọ́ iná náà.

Ó jẹ ṣíbí kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún jẹ.

"Àbúrò, ṣé ó ta ni?" obìnrin náà bi í.

"Ata yín ti dínkù, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ara yín ò yá ni?" Ó fọwọ́ nu imú. "Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Ó wà. Láfún rẹ ti mú un sanra. A ó pa á lọ́jọ́ Àjíǹde. Wá jẹ láfún rẹ padà."

Ẹ̀rín bá ata lẹ́nu ìyá mi. Mo rò pé ó máa kú síbẹ̀ ni. Kó tó mumi tán, mo ti gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti wà níwájú obìnrin náà, à ń lọ sílé rẹ̀.