Ẹ̀bẹ̀ Tí Wọn Kò Bẹ̀ Tán

Nílé wa ní Ìlàrè, tí ìgbà kòkó bá ti dé, òórùn kòkó tútù tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ló máa ń jí èèyàn láàárọ̀. Ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, bí ẹmu àná. Tí mo bá ti rántí òórùn yẹn, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni mò ń rántí. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó ń kọ èyí sílẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu pé kí n sọ nǹkan kan nípa òṣèlú ayé ìgbà yẹn. Ó dáa. Èyí tí mo fojú rí náà ni màá sọ.

Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà. Òun làwa ará oko dìbò fún pé kó lọ máa bá wa sọ̀rọ̀ nílé ìgbìmọ̀ n'Íbàdàn, nígbà tí òyìnbó ṣì wà nílẹ̀ yìí. Èèyàn àtijọ́ ni, kò fẹ́ kí nǹkan yí padà kíákíá. Tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú wa bá ní ká ṣe tibí, ká ṣe tọ̀hún, á ní, "Ta ló ti ṣe é rí, kí ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀?" Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníjọba ń gé igi kòkó tó ń ṣàìsàn, tí wọn ò béèrè lọ́wọ́ olóko, òun ló dìde lọ́hùn-ún tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ oko olóko láìkí i. Afárá onípákó tí odò máa ń gbé lọ lọ́dọọdún, òun ló ń jà fún wa pé kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe é. Wọ́n ti ń dá a lóhùn. Ó ku kó padà lọ parí rẹ̀.

Nígbà ìbò àkọ́kọ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Ó ní òun ò lọ. Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, ó ní ìwé tí òun kà ò tó. Ìgbà tí wọ́n ṣí fìlà, tí wọ́n dọ̀bálẹ̀, ló tó ní, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ ti mú mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ó ti fẹ́ ẹ tipẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá fi nǹkan ńlá lọ̀ tó sáré gbà á, wọ́n á ní ojúkòkòrò ni. Kódà oúnjẹ, wàá kọ́kọ́ ní o ti yó ni.

Nígbà tí ìbò kejì ń bọ̀, alága ẹgbẹ́, àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́, wà lórí àìsàn. Lọ́yà kékeré kan tí wọ́n bí s'Ékòó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, ni wọ́n rán wá, òun àti akọ̀wé kan. Mo wà nínú àgbàlá, mò ń fọwọ́ tú kòkó tí a sá sórí ẹní. Bàbá ti wọ agbádá dè wọ́n láti àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gúnyán. Lọ́yà dọ̀bálẹ̀ o, kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ kí Bàbá tún lọ.

"Rárá o," Bàbá ní. "Ara ò gbà á mọ́. Ẹ wá ọ̀dọ́."

"Ṣé ẹ ti rò ó dáadáa, sà?"

"Mo ti rò ó. Oko ni mo fẹ́ jókòó tì."

Bàbá wá tún agbádá ṣe léjìká, ó ń dúró de ẹ̀bẹ̀ kejì. Lọ́yà wo akọ̀wé, akọ̀wé wolẹ̀. Lọ́yà ní, "Ó dùn wá, sà. Ṣùgbọ́n a ò lè fipá mú àgbà." Ó dìde.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde sí wọn tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́. "Ibo lẹ̀ ń lọ? Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń tọrọ ìyàwó? Ẹ padà jókòó, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́!"

"Màámi, mi ò tíì níyàwó."

"Kò yà mí lẹ́nu!"

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà náà rẹ́rìn-ín, ó ti fẹ́ padà jókòó. Ṣùgbọ́n ojú ti Bàbá pé ìyàwó òun ló ń bá òun tọrọ ẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ìwọ, wọlé. Mo ti fún wọn lésì." Ọ̀rọ̀ tán. Èmi jẹ́ àna, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Iyán tutù. Bàbá ò bọ́ agbádá. Ó ní wọ́n á ròyìn fún alága, alága á ní kí wọ́n padà. Alága kò gbádùn débi tí wọ́n á fi ròyìn fún un. Lójoojúmọ́, tó bá ti di ọ̀sán, Bàbá á tún múra, á jókòó síwájú ilé. Tí mọ́tò bá ń bọ̀, á gún jókòó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò ẹgbẹ́ ṣe kọjá lọ́jọ́ kan, tó ń fi gbohùngbohùn pe orúkọ ẹlòmíì, tíṣà kan láàárín ìlú. Bàbá wọlé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ká agbádá náà, ó ní kí n bá òun mú àdá.

Tíṣà yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ṣùgbọ́n kò mọ odò wa. Afárá wa ò dé ẹnu rẹ̀ rárá. Nígbà tí lọ́rì tó kó kòkó wa rì sódò, àwọn kan ní kí Bàbá lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣebí èmi ni mo ní mi ò lọ." Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá mi sọ ọ́, a ń fọ́ kòkó lóko. Ó ní, "Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan péré." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará abúlé wá fi oyè baálẹ̀ lọ̀ mí. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo ti ní mo gbà. Wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá àgbà kan ní, "Háà, ṣé ó ti wà lẹ́nu ẹ tẹ́lẹ̀ ni?" Wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn tó bí mo ṣe rò pé yóò dùn, nítorí kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Bàbá tó yé mi. Ó kàn fẹ́ tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé a fẹ́ òun ni. A sì fẹ́ ẹ. Gbogbo oko ló fẹ́ ẹ.